Ẹ̀fínrín Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa l'Ájégúnlẹ̀, òórùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Èkíní ni ti epo àti èéfín tírélà tó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Àpápá. Èkejì ni ti ẹ̀fínrín tó dúró sẹ́yìn balùwẹ̀ wa, tó ń ta sánsán bíi pé òun ló ni àdúgbò. Ẹ̀fínrín ló sábà máa ń borí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lágbègbè yẹn, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni kí ewé kan borí òórùn gọ́tà tiwa.

Ìyá tó bí ìyá mi ló gbìn ín. Màmá Àgbà là ń pè é. Ó wá láti abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkìrun láti wá wẹ ọmọ fún ìyá mi nígbà tó bí àbúrò mi, ó sì ní òun ò ní pẹ́. A wẹ àbúrò mi, ó jókòó, ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwo, Màmá Àgbà ṣì wà níbẹ̀. Nínú báàgì tó gbé wá, láàárín ẹ̀wà àti gààrí, ìdí ẹ̀fínrín kan wà tòun ti gbòǹgbò, tó fi aṣọ tútù wé bí ọmọ tuntun. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ̀fínrín ò wọ́n l'Ékòó o." Màmá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ti Èkó nìyẹn," ló wí. "Èyí mọ̀ mí."

Kó tó dé, kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé ọrùn mi. Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Bọ́ńdárì. Bàbá mi ń bá wọn já ẹrù inú bájì ojú omi ní Kírikírì. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi náà ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún ara mi, èmi náà ni mò ń kí ara mi káàbọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ sókè pàápàá: "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀ o." Ọjọ́ tí Màmá Àgbà dé ni ìyá mi bọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́rùn mi. Láti ọjọ́ náà, mo ń bá ènìyàn nílé, mo ń bá oúnjẹ, mo sì ń bá ẹni tó máa bi mí pé ta ló lù mí nílé ìwé, kó tó bi mí pé kí ni mo kọ́kọ́ ṣe fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bí mo ṣe fẹ́ kú nítorí ewé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewé nìkan ló ń dùn mí.

Ọgbà ẹ̀fínrín náà kò tóbi. Bí ẹni méjì bá tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹnì kẹta máa sùn sórí odi. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ní òfin tó ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹ̀ka ẹ̀fínrín tó kọjú sí ilé jẹ́ tiwa: a máa ń já orí rẹ̀ kó má baà tanná, kí ewé rẹ̀ lè máa rú yọ̀yọ̀ fún ọbẹ̀ àti fún àgbo inú rírun. Ẹ̀ka tó kọjú sí odi, a kì í fọwọ́ kàn án. Ìyẹn gbọ́dọ̀ tanná, kó sì so. Nígbà tí mo bi í pé ta ló ni í, ó ní, "Àwọn ayálégbé." Oyin ni, labalábá ni, àtàwọn ológoṣẹ́ tó máa ń wá ṣa èso rẹ̀ jẹ. Ó bu omi sínú àpáàdì fún wọn, ó to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí oyin lè rí ibi dúró mu omi láì kó sí i. Ewé gbígbẹ tó bá já bọ́, a kì í gbá a. Ekòló ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fín oògùn kòkòrò nítòsí ibẹ̀, á gbọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀ lẹ́nu Màmá Àgbà láti orí baba ńlá rẹ̀.

Èmi ni mo fún àwọn ayálégbé lórúkọ. Akọ aláǹgbá olórí pupa tó ń jẹ ìrẹ̀, mo pè é ní Sájẹ́ǹtì, nítorí ó máa ń mi orí bíi pé ó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tó ń gbé abẹ́ òkúta, mo pè é ní Ìyá Ìjọ. Ibì kan ló máa ń jókòó sí, kò ní mira, kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kọjá tí kò rí. Ìyá mi ní kí n má pe orúkọ náà níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kan, Mama Ebuka, obìnrin Ìbò tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bà lé Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Ó fọwọ́ kan di ìró mú, ó ń na ọwọ́ kejì sí ọgbà wa: "Mama! Na zoo una dey run for here?" Màmá Àgbà kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú pidgin. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì fi ọ̀yàyà dá a lóhùn pé, "Ẹ kú ìwẹ̀ o."

Síbẹ̀, Mama Ebuka ló fẹ́ràn ẹ̀fínrín náà jù nínú ilé, nítorí ọbẹ̀ ata rẹ̀ kò lè ṣe láìsí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rántí. Màmá Àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n já ewé lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já a láì kọ́kọ́ kí i. Èmi ni ògbufọ̀. "She say the leaf don sleep," ni mo wí fún Mama Ebuka. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo kùn ún lóorun. "Leaf don sleep? Which time e go wake?" Mo ní ó di àárọ̀. Ó pòṣé títí ó fi wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a níwájú ẹ̀fínrín, ó ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ń wo òun, ó wá rọra sọ pé, "Good morning, my dear." Ó sì já tirẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn tó ń fi ọjọ́ Ìsinmi wàásù fún wa pé àgbo kò bá ìgbàgbọ́ mu, tó bá di ọjọ́ Ajé tí inú bá ń run wọ́n, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá. Màmá Àgbà kì í bá wọn ṣe awuyewuye. Á fún wọn, á ní, "Ewé á jẹ́ o," wọ́n á sì ṣe àmín kí wọ́n tó rántí ara wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í wá ni baba tó ni ilé, Baba Bísí, tí gbogbo wa ń pè ní Baba Láńlọ́ọ̀dù. Símẹ́ǹtì ni ìfẹ́ ayé rẹ̀. Ó ti fi rẹ́ iwájú ilé, ó fi rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi rẹ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ títí òǹgbẹ fi pa igi náà. Bó bá rí erùpẹ̀, ojú rẹ̀ á máa pọ́n bí ojú ẹni tó rí olè. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀, Bísí, wá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kó gbogbo ayálégbé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Sátidé tó pé, òun máa fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìn ilé pátápátá. "Mi ò lè jẹ́ kí àna mi wá bá mi nínú igbó," ló wí.

Gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹ̀fínrín ló gbé ojú síbòmíràn. Mama Ebuka ń wo àjà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń wo ilẹ̀. Màmá Àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. Ó ní, "Baba Bísí, ẹ̀yin lẹ nilé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí símẹ́ǹtì bá dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, ọjọ́ náà ni mò ń lọ sílé. Orí àpáta kọ́ ni wọ́n bí mi sí." Ó dìde, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo sá tọ ìyá mi lọ. Ìyá mi ni ẹni tí ń fi òwe dáhùn ohun gbogbo, ì báà jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ìyẹn ò tù mí nínú rárá, torí mi ò rí ohun tí mo lè fẹ̀sọ̀ mú nínú àpò símẹ́ǹtì tí wọ́n ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní kí oníkálukú sọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún un. Ọmọ kan ní òun fẹ́ bàtà. Ọmọ kan ní kí Ọlọ́run wo ìyá òun sàn. Èmi dìde, mo ní kí símẹ́ǹtì Baba Láńlọ́ọ̀dù dì nínú àpò. Olùkọ́ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní kí gbogbo kíláàsì ṣe àmín.

Símẹ́ǹtì ò dì. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn bíríkìlà dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, odidi agbo oyin ti ibi tí ẹnì kan kò mọ̀ ya wọlé, wọ́n so rọ̀ mọ́ òpó okùn aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fínrín, bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Àwọn bíríkìlà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, a ò sì rí wọn mọ́ àfi lójú títì. Baba Láńlọ́ọ̀dù mú kẹrosíìnì àti ìṣáná jáde. Màmá Àgbà lọ dúró sáàárín òun àti òpó náà.

"Ọmọ yín ni wọ́n fẹ́ wá fẹ́," ló wí. "Oyin ni wọ́n máa fi tọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìdána. Oyin wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé yín lọ́sẹ̀ tí àna ń bọ̀, ẹ fẹ́ dáná sun ún?"

Baba Láńlọ́ọ̀dù wo ìṣáná ọwọ́ rẹ̀. Onígbàgbọ́ paraku ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni pẹ̀lú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi iná lé oríire nítorí pé kò dá a lójú bóyá oríire ni. Ó gbé kẹrosíìnì padà wọlé. Ó ní ó dáa, òun máa fi tàpólì bo ibẹ̀ títí àna máa fi lọ, símẹ́ǹtì á wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Màmá Àgbà náà ní ó dáa, ọkọ̀ Ìkìrun wà lọ́jọ́ Ajé.

Bí Sátidé ṣe dé nìyẹn, tí ọgbà wa wà lábẹ́ tàpólì aláwọ̀ búlúù bí ọkọ̀ tó bàjẹ́. Àwọn àlejò jókòó sí pálọ̀ Baba Láńlọ́ọ̀dù, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ń yin ara wọn. Bàbá ọkọ ìyàwó jẹ́ arúgbó tínínrín kan láti Ìṣẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti ń múra àtilọ, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo la ní nínú ilé, ẹ̀yin náà mọ ibi tó wà. Baba Láńlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló sìn ín wá. Èmi àti Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, à ń pa ẹ̀gúsí.

Arúgbó náà tọ̀ tán, ó jáde, ó dúró. Tàpólì náà ń kùn yùnnn. Ó ní, "Kí ló wà lábẹ́ ìyẹn?"

"Ẹrù lásán ni, sà," ni Baba Láńlọ́ọ̀dù wí.

"Ẹrù tó ń kùn?" Ó tẹ̀ ba, ó gbé etí tàpólì sókè. Òórùn ẹ̀fínrín tí wọ́n ti dé mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ rú jáde lù ú lójú. Arúgbó náà pa ojú dé, ó fa èémí. Nígbà tó la ojú, ó rí oyin lórí òdòdó, ó rí àpáàdì omi, ó sì rí Sájẹ́ǹtì tó ń mi orí sí i. Ẹnu rẹ̀ là. "Ta ló ń tọ́jú ibí yìí?"

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n Baba Láńlọ́ọ̀dù ti wo ojú àna rẹ̀, ó rí i pé ayọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti sáré ṣíwájú ọpọlọ rẹ̀. "Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí."

Màmá Àgbà dá ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pẹ̀lú ìdùnnú àgbẹ̀ tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí apá kan fi tanná tí apá kejì kò tanná? Baba Láńlọ́ọ̀dù ní èyí tó tanná ni akọ. Ó ní àwo omi yẹn ń kọ́? Ó ní ti ajá ni. Ó ní ajá dà? Ó ní ó ti kú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Ìjọ fi wọ́ jáde lábẹ́ tàpólì tó lọ jókòó sórí bàtà Baba Láńlọ́ọ̀dù. Baba fò, ó gun orí àtẹ̀gùn balùwẹ̀. Nígbà tí mímí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ní bí òun ṣe máa ń kí i nìyẹn.

Arúgbó náà wá fọwọ́ pa inú. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti wà lọ́nà ni inú ti ń yọ òun lẹ́nu díẹ̀, pé kí àna òun jọ̀ọ́ já ewé díẹ̀ fún òun. Baba Láńlọ́ọ̀dù rí àǹfààní. Ó ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀fínrín, ó di odindi ẹ̀ka kan mú, ó fẹ́ ya á. Arúgbó náà gbá a lọ́wọ́ mú.

"Àna mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ní àṣálẹ́ yìí? Ẹ ò tilẹ̀ kí i?"

Bísí ti jáde wá síbẹ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, ó dúró lẹ́yìn wa, ó sì gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ dójú tì níwájú ilé ọkọ ni. Òógùn ń ṣẹ́ sílẹ̀ níwájú orí Baba Láńlọ́ọ̀dù. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀ràn ti bá báyìí lójúkojú.

Màmá Àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí kalẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá ọkọ ìyàwó," ló wí. "Ayọ̀ yín ló mú kó gbàgbé. Òun gan-an ló kọ́ gbogbo wa nínú ilé yìí pé ewé ti sùn ní irú àsìkò yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Baba Láńlọ́ọ̀dù wí kíákíá.

"Òun náà ló ní a ò gbọ́dọ̀ fín oògùn síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Símẹ́ǹtì tí ẹ rí níwájú ilé yẹn, ó ní kò gbọ́dọ̀ kan ibí títí ayé."

Ẹ̀fọn kan kọjá. Baba Láńlọ́ọ̀dù wo Màmá Àgbà, Màmá Àgbà náà wò ó. "Mo sọ bẹ́ẹ̀?" ló bi í.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Arúgbó Ìṣẹ́yìn yíjú sí àna rẹ̀, ó ń dúró de ẹnu rẹ̀. Bísí náà ń dúró. "Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Baba Láńlọ́ọ̀dù wí, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọ tí wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Ajé, símẹ́ǹtì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé, ó wá dúró gbọnin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Mo bá Màmá Àgbà tì báàgì rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fẹsẹ̀ tì í jìnnà débi tí àgbàlagbà kò fi lè tètè fà á jáde. Nítorí àna tó lè yọ nígbàkígbà, Baba Láńlọ́ọ̀dù di ọmọ ilé ìwé. Láràárọ̀, á mú pákò rẹ̀ wá síwájú ẹ̀fínrín, á sì máa kí i. Ẹ̀rù ewé náà ti wá ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" ló ń kí i, bíi pé ó jù ú lọ. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá wò ó. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ẹnì kan pé láti kékeré lòun ti fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́.

Màmá Àgbà dúró tì wá títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kó tó lọ sinmi nílé rẹ̀, níbi tó ti kú lójú oorun. Mo sunkún rẹ̀ gan-an. Mo ṣì ń sunkún rẹ̀ nígbà mìíràn.

Àpápá ni mò ń gbé báyìí. Iléeṣẹ́ àwọn tó ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ní ilé tó ní àgbàlá tirẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe sí àgbàlá náà? Bíríkì ìńtálọ́ọ̀kì ni mo tẹ́ sí i, láti géètì dé odi ẹ̀yìn, kò ku ibi tí koríko lè yọ orí sí. Mo dúró lórí rẹ̀, mo sì ya fọ́tò. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá fín oògùn fún mi. Bí aláǹgbá bá yọjú, èmi tí mo máa ń jókòó ti Sájẹ́ǹtì jẹ búrẹ́dì, mo máa ń ké pe ọkọ mi. Ọmọ tó fi gbogbo ọkàn gbógun ti símẹ́ǹtì yẹn, bó bá pàdé mi lónìí, á rò pé ọmọ Baba Láńlọ́ọ̀dù ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi wá kí mi. Mo fẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ wa, torí ó ti dàgbà, òun nìkan ló sì kù nínú ilé. Ní àárọ̀ kejì, mo rí i tó mú omi tó fi ṣan ìrẹsì dání, ó ń wá ibi tó máa dà á sí. Ó yí ilé náà po tán, ó tún gbé omi náà padà wá sínú síǹkì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní òun á máa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Ilé rẹ dára, ó mọ́ tónítóní. Kò kàn sí ẹni tí mo lè kí níta láàárọ̀ ni." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mi ò lè ṣe nǹkan kan.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo pe bíríkìlà kan wá. Mo fi ẹ̀gbẹ́ odi hàn án, mo ní kó hú gbogbo ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kúrò títí á fi kan erùpẹ̀. Ó wo ìńtálọ́ọ̀kì náà, ó fi ẹsẹ̀ kàn án.

"Mádàámù, èyí ṣì lágbára o. Ṣé páìpù ló bẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo ní rárá.

"Àbí ẹ fẹ́ gbẹ́ kòtò sókàwéè?"

Mo ní rárá.

"Kí wá ló ṣe é?"

Mo wo fèrèsé yàrá tí ìyá mi wà, tó ń ká ìró rẹ̀ sínú báàgì. "Ìyá mi ni kò fẹ́ dúró," ni mo wí.

Ọkùnrin náà wo fèrèsé yẹn. "Tèmi náà kì í dúró lọ́dọ̀ mi," ló wí, ó sì gbé dígà sókè.